Ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba Amẹ́ríkà ń sanwó lọ́yà fún ẹni tó pè é lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ àti igbó?

Awakọ̀ Wyoming

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tírélà ni mo ń wà, màlúù ni mo sì sábà máa ń kó, láti Wyoming lọ sí Nebraska níbi tí wọ́n ti ń bọ́ wọn sanra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń dúró de ẹrù ní oko màlúù kan, ẹni tó ni ín, bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bu kọfí fún mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.

Ó ní orí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni màlúù òun ti ń jẹko nígbà ooru, ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ òun, bàbá òun ló kọ́kọ́ gbà á. Ó ní ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún igbó àti ẹranko gbé ìjọba lọ sí kóòtù, pé wọn ò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ ọ̀hún ṣe. Ẹgbẹ́ yẹn borí. Adájọ́ fagi lé ìwé àṣẹ náà, ó ní kí wọ́n lọ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń dun bàbá yìí o. Ó ní ìjọba tún wá san owó lọ́yà fún àwọn tó pè é lẹ́jọ́. Ó fọwọ́ lu tábìlì, kọfí mi dà sílẹ̀ díẹ̀: "Owó orí tí èmi san ni wọ́n fi sanwó fún ẹni tó fẹ́ lé mi kúrò!"

Mo rò pé àsọdùn ni. Nílé wa, ta ló pe ìjọba lẹ́jọ́ rí tí ìjọba sọ pé "ẹ kú iṣẹ́, ẹ gba owó lọ́yà yín"? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé òfin, ẹ là mí lóye.

Ìyá Ìbejì Baltimore

Òótọ́ ni, àbúrò. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn gan-an. Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo wà, èmi ni mò ń kọ ìwé tí a fi ń béèrè owó náà lọ́wọ́ ìjọba.

Equal Access to Justice Act ni orúkọ òfin ọ̀hún. Ọdún 1980 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe é, Carter ló buwọ́ lù ú, nígbà tó sì di 1985, Reagan sọ ọ́ di òfin tí kò lọ́jọ́ tí yóò parí mọ́. EAJA la máa ń kọ sínú ìwé. Ṣé ẹ mọ bí àwọn lọ́yà òyìnbó ṣe ń pè é? "Íjà"! Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀gá mi yọjú sí mi, ó ní ṣé mo ti ṣe "íjà" ti ìyá arúgbó kan. Mo ní èmi kẹ̀, mà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Títí dòní ni mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé èèyàn á kàn pe ìjọba lẹ́jọ́ kówó máa wọlé. O gbọ́dọ̀ borí. Ìjọba náà láǹfààní láti sọ pé bí òun tiẹ̀ fìdí rẹmi, ìdúró òun nínú ẹjọ́ náà ṣì bọ́gbọ́n mu. Bí adájọ́ bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, kò sówó. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré lo ní lẹ́yìn ìdájọ́ àṣekágbá láti kọ̀wé béèrè. Tó bá di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ó bùṣe. Ẹnì kan tí ohun ìní rẹ̀ bá sì ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ kò lè gbà á. Ti ilé iṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù méje, òṣìṣẹ́ wọn ò sì gbọ́dọ̀ ju 500.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí wọ́n fi ń gba owó yìí kò kan igbó rárá. Àwọn aláìlera tí Social Security, àjọ tó ń san owó ìrànwọ́ ìjọba, fi owó wọn dù wọ́n ni, àti àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ má fi ìyá arúgbó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni arákùnrin yìí béèrè. Ohun tẹ́ ẹ fò ni pé gbèdéke mílíọ̀nù méje yẹn kò mú àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Ẹgbẹ́ tó ń gba ọrẹ ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là lọ́dọọdún lè béèrè owó lọ́yà, àgbẹ̀ tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ti wọ́n kọjá gbèdéke kò lè béèrè. Ṣé ẹ̀tọ́ nìyẹn? Lummis, aṣòfin láti Wyoming, gbé àbá òfin kan kalẹ̀ ní 2011 láti dí ihò yẹn, kò kọjá.

Lọ́yà Kékeré

Ìjẹ̀ṣà, òótọ́ lo sọ, àmọ́ o dá a dúró láàárín. Inú gbólóhùn kan náà tó yọ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀ ni wọ́n ti yọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ náà sílẹ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ bá kó ara wọn jọ lábẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, owó wọn lè pọ̀ bí yanrìn, gbèdéke mílíọ̀nù méje kò kàn wọ́n. Ẹ kàn kì í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń pariwo ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ìtàn yìí dùn. Ní Amẹ́ríkà, oníkálukú ló ń gbé ẹrù lọ́yà ara rẹ̀, ì báà borí, ì báà má borí. Ní 1970, Wilderness Society àti ẹgbẹ́ méjì míì pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ọ̀pá epo tí wọ́n fẹ́ là kọjá Alaska, nǹkan bí 800 máìlì. Ohun tí wọ́n fi borí kò jọ nǹkan kan lójú. Òfin 1920 ní ẹni tó bá ń gbé ọ̀pá gba orí ilẹ̀ ìjọba kò gbọ́dọ̀ lò ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ tí Alyeska, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé ọ̀pá náà, béèrè sì fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tó di 1973, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì yí òfin padà kí ọ̀pá lè kọjá. Ẹjọ́ parí, owó lọ́yà wá kù nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí Alyeska san ìdajì, torí pé iṣẹ́ gbogbo ìlú làwọn ẹgbẹ́ yẹn ṣe. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé e ní 1975, wọ́n ní bí owó lọ́yà yóò bá kúrò lọ́rùn ẹnì kan bọ́ sọ́rùn ẹlòmíì, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn òfin tó tẹ̀ lé e ti gbérí, EAJA wà lára wọn. Ẹni tó sì ṣe agbátẹrù rẹ̀ nílé aṣòfin àgbà kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn olùfẹ́ igbó o. Domenici láti New Mexico ni, àwọn oníṣòwò kéékèèké tí ìjọba ń fòòró ló ń rò.

Awakọ̀ Wyoming

Hàáà. Nítorí oníṣòwò kékeré ni wọ́n ṣe òfin, ìkookò ló wá ń jẹ ẹ́.

Àpò wo gan-an lowó yẹn ti ń jáde?

Lọ́yà Kékeré

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ayé máa bi nìyẹn. Àpò méjì ni.

Àwọn òfin kan wà tó jẹ́ pé inú wọn gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ará ìlú lè pe ẹjọ́ kó sì gba owó lọ́yà: òfin omi, òfin afẹ́fẹ́, òfin àwọn ẹranko tó fẹ́ kú run. Bí o bá borí ìjọba lábẹ́ ìwọ̀nyẹn, ilé ìṣúra ló ń san án, láti inú àpò kan tí wọ́n ń pè ní Judgment Fund, tó ti wà láti 1956. Àpò yẹn kò ní ìsàlẹ̀, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kì í jókòó dìbò lé e lọ́dọọdún. Àjọ tó ṣe àṣìṣe kò ná kọ́bọ̀ nínú owó tirẹ̀.

Àmọ́ òfin NEPA (kì í ṣe NEPA oníná wa o, òfin tó ní kí ìjọba yẹ ohun tí iṣẹ́ kan máa ṣe sí àyíká wò kó tó dáwọ́ lé e ni) kò ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ìjọba ti 1976 náà kò ní in. Ìyẹn ni wọ́n fi ń lo EAJA fún wọn, owó EAJA sì máa ń jáde látinú owó ọdọọdún àjọ náà fúnra rẹ̀. Bí BLM, àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, bá fìdí rẹmi lórí ìwé àṣẹ ìjẹko, owó tí ì bá fi sanwó òṣìṣẹ́ tó ń yẹ pápá wò ló ń lọ. Ilẹ̀ tí BLM ń bójú tó tó mílíọ̀nù 245 éékà. Òṣìṣẹ́ ò tó, iṣẹ́ wọn mẹ́hẹ, wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí ìmẹ́hẹ yẹn, wọ́n sanwó, òṣìṣẹ́ tún dín.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ ṣeun, lọ́yà. Ẹ ti bá mi sọ ọ́. Ẹjọ́ ló ń bí ẹjọ́. Àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò, wọ́n á pe ẹjọ́ lórí ọjọ́ tí àjọ kan pẹ́, ìjọba á bá wọn yanjú ẹ̀ lábẹ́lẹ̀, wọ́n á gba owó, wọ́n á lọ wá òmíì.

Ìyá Ìbejì Baltimore

Òwò kẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òwò náà ṣe rí. Ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà la fi ń ka iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, 0.1 wákàtí. Ka lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba, 0.2. Bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, 0.4. Bó bá jẹ́ pé ìwé ni mo dà kọ tàbí tí mo fi fáìlì ránṣẹ́, iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn, wọn ò ní san. Agbẹjọ́rò ìjọba á wá mú bírò pupa: kí ló dé tí ẹ fi wákàtí méjìdínlógún kọ ìwé olójú ewé ogún? Ẹ dín in kù. Owó wákàtí kan tí òfin kọ sílẹ̀ jẹ́ $125 láti 1996. A máa ń fi ọ̀wọ́n gógó ọjà kún un, ó ti kọjá $200 báyìí, bẹ́ẹ̀ sì ni lọ́yà ilé iṣẹ́ epo ń gba ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìyẹn láì tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Owó náà kì í tiẹ̀ ṣe ti lọ́yà lójú òfin. Láti 2010 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé oníbàárà ló ni ín. A ní oníbàárà kan tó jẹ ìjọba ní gbèsè owó ilé ìwé. A borí, wọ́n fọwọ́ sí owó, ilé ìṣúra gbé e, ó fi dí gbèsè yẹn. Ọ̀gá mi ò rí sẹ́ǹtì kan. Ọjọ́ yẹn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ ṣì ń padà sí ti Social Security. Èló ni wọ́n ti san fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún igbó? Ẹ fún mi ní iye.

Lọ́yà Kékeré

Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀: ọ́fíìsì ayẹ̀wéwò ti Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, GAO, wo ẹjọ́ àyíká tí wọ́n fi kan EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká. Láti 2003 sí 2010, ilé ìṣúra san nǹkan bí mílíọ̀nù 14 dọ́là fún àwọn tó pe ẹjọ́, ká pè é ní mílíọ̀nù 1.8 lọ́dún. Fún ìjọba Amẹ́ríkà, owó iyọ̀ nìyẹn.

Ti àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀ àti igbó ni wàhálà. Láti 1995 ni òfin tó ní kí wọ́n máa kó ìròyìn EAJA jọ ti dópin, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ náà pa pọ̀ fún ọdún tó lé ní ogún. Nígbà tí GAO béèrè lọ́wọ́ àwọn àjọ abẹ́ ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ àti Interior, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ilẹ̀ ìjọba, ní nǹkan bí 2012, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní àkọsílẹ̀ tó ṣeé fà yọ. Ọdún 2019 ni òfin kan tí wọ́n sọ lórúkọ Dingell dá ìròyìn náà padà, ACUS, àjọ ìjọba tó ń gbani nímọ̀ràn lórí bí àwọn àjọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ló ń gbé e jáde báyìí, ẹnikẹ́ni lè kà á. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé iye gègèrè kan wá fún ọ nípa àwọn ọdún àárín yẹn, ì báà jẹ́ ọlọ́sìn màlúù, ì báà jẹ́ olùfẹ́ ìkookò, bi í pé níbo ló ti kà á.

Àdùnní Peckham

Ẹ kú àríyànjiyàn. Ní London tí mo wà, ẹ̀rù ni tiwa. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbí ló máa san owó lọ́yà ẹni tó borí. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ̀yin aládùúgbò mẹ́ta pe káńsù lẹ́jọ́ nítorí pápá kékeré kan, ẹ fìdí rẹmi, wọ́n gbé bíìlì owó lọ́yà káńsù wá bá yín nílé. Ta ló máa dán an wò? Láti 2013 ni wọ́n ti fi gbèdéke sí i fún ẹjọ́ àyíká, ní títẹ̀lé Aarhus, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú nínú ọ̀rọ̀ àyíká: bí ilé ẹjọ́ kò bá yí i padà, bí o bá jẹ́ ẹnì kan, o kò ní san ju £5,000 lọ, ẹgbẹ́ kò ní san ju £10,000. Bí o bá sì borí, ìjọba náà kò ní san ju £35,000 fún ọ. Wọ́n gé e níhìn-ín, wọ́n gé e lọ́hùn-ún.

£5,000 ṣì jẹ́ owó o. Mi ò ní in.

Bàbá Àgbà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ń jiyàn lórí bóyá ìjọba sanwó jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa.

Ilẹ̀ ẹbí wa wà lẹ́bàá odò, kòkó àti obì ló wà lórí rẹ̀. Ìjọba wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára àwọn igi obì, bí ẹni pé igi lè kà á. Wọ́n ní ìlò gbogbo ìlú ni. Ọdún kejì, a rí i tí katakata ti ń fọ́ òkúta lórí ilẹ̀ náà fún aládàáni, ẹrẹ̀ ẹ̀ sì ń wọ́ lọ sínú odò tá à ń mu. A lọ sí kóòtù. Ọdún mọ́kànlá la fi lọ. Lọ́yà ń gba owó ìfarahàn nígbàkúùgbà tó bá yọjú, yálà adájọ́ jókòó ni o, tàbí wọ́n ní ó lọ ìpàdé. Àwọn ìwé ẹ̀rí owó tá a san, inú àpò ìrẹsì ni mo ń kó wọn sí, àpò náà kún débi tí eku fi bímọ sínú rẹ̀. Àbúrò mi ta ọkọ̀. Èmi ta ilẹ̀ kejì láti fi jà fún àkọ́kọ́.

A borí. Adájọ́ sọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ni létí, ó ní kí ìjọba san owó gbà-má-bìínú, kí wọ́n sì fún wa ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà fún ìnáwó ẹjọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta! Owó mọ́tò wa nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ. A lọ gba èyí tí wọ́n dá fún wa, wọ́n ní a kò lè fọwọ́ kan owó ìjọba ní báńkì àyàfi bí Agbẹjọ́rò Àgbà bá fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò Àgbà yìí kan náà ni ọ́fíìsì rẹ̀ bá wa ṣẹjọ́ fún ọdún mọ́kànlá.

Ẹ bá mi kí bàbá òyìnbó yẹn.

Awakọ̀ Wyoming

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Lọ́yà Kékeré

Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Abala 84 òfin Sheriffs and Civil Process ni wọ́n fi dí yín lọ́nà. Mo kà á nílé ìwé, inú bí mi. Nígbà tí mo wá bá a pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ó sú mi pátá.

Ohun tó ti yí padà díẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni kan bá pe ẹjọ́ nítorí odò tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀, wọ́n á ní kí ló kàn án. Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ láàárín Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC, lórí epo tó dà sínú odò Ineh àti Aku ní ìlú Acha, ìpínlẹ̀ Abia. Wọ́n ní ẹgbẹ́ lè pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ará ìlú. Ẹnu ọ̀nà ti ṣí. Ta ni yóò sanwó ẹni tó bá wọlé, ìyẹn ni kò tí ì ní ìdáhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò sọ pé kí ìjọba má sanwó rárá. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n fi gbèdéke kan náà mú gbogbo èèyàn. Mo ṣì dúró lórí ìyẹn.

Bàbá Àgbà

Dúró síbẹ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ.

Awakọ̀ Wyoming

Mo padà dé oko yẹn lánàá. Mo ṣàlàyé àpò méjèèjì fún bàbá náà, ó yà á lẹ́nu. Ó wá jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ó ní nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́ yẹn, òun náà gba lọ́yà, òun wọlé sínú ẹjọ́ láti gbè sẹ́yìn ìjọba, òun sì san owó yẹn látàpò ara òun. Ohun tó ń bí i nínú gan-an nìyẹn. Báyìí, àjọ yẹn ti tún ìwé àṣẹ kọ, wọ́n dín iye màlúù rẹ̀ kù, òun gan-an ló wá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́. Lọ́yà rẹ̀ sọ pé EAJA kò lè ràn án lọ́wọ́, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ni, ohun ìní rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ṣé màlúù náà wà lára ohun ìní?

Ìyá Ìbejì Baltimore

Màlúù wà lára rẹ̀, ilẹ̀ wà lára rẹ̀, katakata wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lọ́yà rẹ̀ tún òfin náà kà. Ẹni tó bá ni òwò tí kò sọ di kọ́ńpìnnì, gbèdéke mílíọ̀nù méje ló wà fún un, kì í ṣe méjì. Ọjọ́ tó bá fi ẹjọ́ sílẹ̀ ni wọ́n máa wò. Wọ́n á sì yọ gbèsè kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Ṣé ó jẹ báńkì?

Awakọ̀ Wyoming

Ó jẹ báńkì! Ó ní bí òun bá jí láàárọ̀, báńkì ni òun kọ́kọ́ ń rò kóun tó rántí ìyàwó òun.

Ọjọ́rú ni mo tún máa gbé ẹrù níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ nọ́ńbà òfin yẹn kí n fi hàn án.

Ìyá Ìbejì Baltimore

28 U.S.C. 2412(d)(2)(B). Sọ fún un pé "íjà" ni wọ́n ń pè é. Má jẹ̀ẹ́ kó da kọfí sí ọ lára.